Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ohun Tí Ọmọ Ọwọ́ Ń Wò Kí Ó Tó Lè Sọ̀rọ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi, mo wà nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣakí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sá iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Àwa yòókù jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ mẹ́rin sì ń ṣeré lórí ẹní níwájú wa. Lójijì, ewúrẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì dorí kọ iṣu náà. Màmá na ìka sí i, wọ́n kígbe pé, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Ó ti dé o!"

Gbogbo wa la yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ pàápàá yíjú. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ aládùúgbò tí kò tíì pé ọdún kan, wo ìka Màmá, ó wo ewúrẹ́, ó tún padà wo ojú Màmá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yíjú, ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin tó ti pé oṣù 14. Ìdérí ìkòkò kan ló wà níwájú rẹ̀ tí ó ń yí bí òkòtó. Ariwo wa kò kàn án. Eré tí a sá lé ewúrẹ́ kò kàn án. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìdérí náà.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o rí i? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo lè pè é títí, kò ní wẹ̀yìn."

Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣebí wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà kò tètè sọ̀rọ̀."

Ó ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà kí a tó mọ̀ pé ọmọ náà ní ọ́tísíìmù. Ìyá rẹ̀ ti rí ohun tó yẹ kó rí, èmi ni mo fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí òwe yẹn ni mo ṣe kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ojú ọmọ tuntun

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àgbàlagbà la sábà máa ń pa òwe yìí fún, nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹni méjì jókòó, kí wọ́n wo ara wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà lé ọmọ ọwọ́ lórí, a ó rí i pé òótọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Kí ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, ojú ni ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í ríran jìnnà. Ohun tó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí i ló máa ń hàn sí i jù, àlàfo yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó wà láàárín ọmú ìyá àti ojú ìyá lọ. Ní ọdún 1963, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Fantz, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì lò ju ọjọ́ 5 lọ láyé. Ó rí i pé wọ́n máa ń pẹ́ lórí àwòrán tó ní ìlà àti èyí tó jọ ojú ènìyàn ju ohun aláwọ̀ kan ṣoṣo lọ. Èyí fi hàn pé ọmọ tuntun kì í kàn ń la ojú sílẹ̀ lásán. Ó ń ṣa ohun tó fẹ́ wò.

Ìwò náà ń dàgbà bí ara ti ń dàgbà. Ní oṣù kìíní sí ìkejì, ojú ọmọ lè lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ẹni pé wọ́n fi àtè mú un. Yóò tẹjú mọ́ àtùpà tàbí etí ògiri, kò sì ní tètè lè mú ojú kúrò, kódà bí ohun mìíràn bá ń pè é. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù 4, agbára àtimú ojú kúrò lára ohun kan lọ sára òmíràn á ti pọ̀ sí i. Agbára yìí dà bí ohun kékeré lójú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan ni. Ẹni tí kò bá lè mú ojú kúrò lára ìdérí ìkòkò, báwo ni yóò ṣe rí ewúrẹ́?

Láàárín oṣù 9 sí 12 ni ohun tó ya ni lẹ́nu jù ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ẹlòmíràn ń wò. Michael Scaife àti Jerome Bruner kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1975. Wọ́n fi hàn pé bí ọmọ ti ń dàgbà sí ọdún kan ni ó ń mọ bí a ṣe ń tẹ̀lé ojú àgbàlagbà lọ sí ibi tí ó yí sí. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ fúnra rẹ̀ á na ìka. Lákọ̀ọ́kọ́, á na ìka sí ohun tí ó fẹ́ gbà. Nígbà tó bá yá, á na ìka sí ohun tí kò fẹ́ gbà rárá, bí òṣùpá, bí ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹlòmíràn ṣáà bá a wò ó. Mo máa pe èyí ní àjọwò, nítorí bí àjọṣe àti àjọyọ̀, ẹnì kan kò lè dá a ṣe.

Ìṣẹ́yìn ni mo dàgbà sí, nítòsí àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti ahunṣọ rí mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ na òwú gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n á fi ẹrù dè é kó le, kí wọ́n tó máa ju òwú mìíràn gba àárín rẹ̀ kọjá lọ́tùn-ún lósì. Àjọwò ni òwú tí a nà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni òwú tí à ń jù. Nígbà tí Màmá kígbe "ewúrẹ́", ọmọ tó ń wo ewúrẹ́ pẹ̀lú Màmá mọ ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ọmọ tó ń wo ìdérí gbọ́ ìró kan náà, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò so ó mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà ogún lóòjọ́ fún odidi ọdún kan, ẹ ṣírò iye ọ̀rọ̀ tí yóò kọjá létí rẹ̀ láìdúró.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí, nítorí èmi náà ti wí i rí. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, pé àwọn ló máa ń gbé ọmọ síwájú tí wọ́n á máa bá a wo ojú, àwa máa ń pọn ọmọ tiwa ni, ọmọ wa sì ń sọ̀rọ̀.

Òótọ́ wà nínú èyí. Heidi Keller, onímọ̀ ọmọ Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àfiwé bí àwọn àgbẹ̀ Nso ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù àti àwọn ìdílé ìlú ńlá ní Jámánì ṣe ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ó rí i pé ìfarakanra ló gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Nso, nígbà tí wíwo ojú ara ẹni gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì. Ṣùgbọ́n pípọ̀n kò fi àjọwò du ọmọ. Ẹ wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà Ìṣẹ́yìn. Ibi tí ìyá yíjú sí ni òun náà yíjú sí. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ igbá irú, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá kí ìyá, ọmọ á yọ orí láti abẹ́ apá wo onítọ̀hún.

Ẹ̀rí wà ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 2007, Jane Childers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ kéékèèké 16 tó ń sọ èdè Ngas ní abúlé kan ní Nàìjíríà. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ń bá àwọn ènìyàn wo nǹkan pọ̀ jọ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ṣe àjọwò tó jinlẹ̀ jù sì ni òbí wọn sọ pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ jù. Nítorí náà, ọ̀nà tí a ń gbà gbé ọmọ lè yàtọ̀, àjọwò fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀yà.

Àwọn mìíràn á ní ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kì í wo àgbà lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló ti kọ́ ọmọ oṣù 9 ní èyí? Ọmọ ọwọ́ kò mọ baálẹ̀ yàtọ̀ sí alágbàṣe. Á ranjú mọ́ Ọba lórí ìtẹ́, á sì fa irùngbọ̀n rẹ̀ bí ó bá sún mọ́ ọn. Bí ọmọ kékeré kò bá ń wo ojú ènìyàn, a kò gbọdọ̀ fi ìwà ọmọlúàbí ṣe àlàyé rẹ̀.

Ibi tí ọ́tísíìmù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí a ń kó ran ni, kì í sì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń dàgbà ló yàtọ̀, tí bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn lò àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ fi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ bákan náà lójoojúmọ́. Ó lè máa tún ìṣe kan ṣe láìsú. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta tí àwa kì í kà sí lè máa gún un létí bí abẹ́rẹ́. Leo Kanner, dókítà ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ló kọ àkọsílẹ̀ tí ayé mọ̀ jù nípa rẹ̀ ní ọdún 1943, lórí ọmọ 11. Ní ọdún 1978, Victor Lotter gbé ìwádìí jáde lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú kan nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ní àrùn òyìnbó ni, ó ti pẹ́ jù láti máa sọ bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 127 ló ní in.

Ní ọdún 1994, Julie Osterling àti Geraldine Dawson ṣe ohun ọlọgbọ́n kan. Wọ́n gba fídíò ọjọ́ ìbí ọdún kìíní lọ́wọ́ àwọn òbí, 11 jẹ́ ti àwọn ọmọ tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé wọ́n ní ọ́tísíìmù, 11 yòókù jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò ní. Wọ́n wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àwọn tó ní ọ́tísíìmù kì í sábà wo ojú ènìyàn, wọn kì í sábà na ìka tàbí fi nǹkan han ẹlòmíràn, wọn kì í sì í sábà yíjú bí a bá pe orúkọ wọn. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fídíò kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Nígbà tí mo ka èyí, mo wá fídíò ọjọ́ ìbí ọmọ wa lórí fóònù mi. Gbogbo ẹbí ń kọrin, gbogbo ẹbí ń pe orúkọ rẹ̀. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la pè é. Kò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Okùn bàlúùnù ló ń wò. Ohùn tó ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò náà, tó ń sọ pé "ọmọ yìí mà ṣe gààràgà o," ohùn tèmi ni.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e tún lọ sẹ́yìn sí i. Lonnie Zwaigenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà kọ ní 2005 pé láàárín oṣù 6 sí 12, mímú ojú kúrò lára ohun kan lọ sí òmíràn máa ń nira sí i fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí a óò rí ọ́tísíìmù lára wọn. Ní 2013, Warren Jones àti Ami Klin ní ìlú Atlanta lo ẹ̀rọ tó ń tọpa ojú láti tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí títí di ọdún 3. Àwọn tí wọ́n wá rí i pé wọ́n ní ọ́tísíìmù kò ṣàì wo ojú ènìyàn nígbà tí ayé wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó bí àwọn yòókù. Láti oṣù 2 sí oṣù 6 ni wíwò náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ilẹ̀kùn náà kì í wà ní títì látìgbà ìbí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí èyí gbé ọmọ oṣù 3 sórí itan kí ẹ máa wọn ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ ló rí ìyàtọ̀ yẹn, láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kó pọ̀, ojú lásán kò lè rí i lára ọmọ kan ṣoṣo. Àmì kan kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ tí kò bá yíjú nígbà tí a pè é lè jẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa. Èyí tí kò tẹ̀lé ìka lè jẹ́ ẹni tí kò ríran tó. Àwọn ọmọ kan tó ní ọ́tísíìmù sì máa ń wo ojú ènìyàn. Àwọn mìíràn á ti máa sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á sì pàdánù rẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni láti rí ohun tó yàtọ̀ kí ó sì sọ ọ́ jáde, iṣẹ́ oníṣègùn ni láti sọ ohun tó fà á.

Ẹ̀bi ta ni?

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjì láìsọ̀rọ̀, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n mi ti rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún. A gbààwẹ̀, a lọ sórí òkè. Ní ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bàjẹ́, pé kó lọ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yòówù tí ẹjọ́ náà gbà, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń já sí.

Àwọn òyìnbó náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá, tí Bruno Bettelheim jẹ́ gbajúmọ̀ láàárín wọn, ní ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù sí ọmọ ló ń fa ọ́tísíìmù. Ní 1964, Bernard Rimland, onímọ̀ ọpọlọ tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní in, kọ ìwé láti fi hàn pé inú ara ni ohun náà ti wá, kì í ṣe inú ìwà ìyá. Ìmọ̀ òde òní gbè é lẹ́yìn, nítorí ohun àjogúnbá nínú ẹ̀jẹ̀ ló kó ipa tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fà á, kí ó mọ̀ pé ìwé kan tí Andrew Wakefield kọ ní 1998 lórí ọmọ 12 ló gbé àhesọ náà káyé. Ìwé ìròyìn Lancet tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010, ìwádìí lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ kò sì rí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta àbọ̀ kí a tó gbé e dé Ìbàdàn. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ó gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ìyá, ìgbà wo ló kọ́kọ́ fi nǹkan hàn yín? Mi ò ní kó bèèrè nǹkan o. Kó kàn fi hàn yín, kí ẹ bá a wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, kò rí ọjọ́ kankan sọ. Mo rí i bí ó ṣe ń wá a nínú ọkàn rẹ̀, láti ìgbà tó ti bí i títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni omijé wá.

Ẹ ka káàdì àjẹsára ní ọ̀nà mìíràn

Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé kò wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn sì jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́, wà lára àwọn ibi tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ náà. Láti Ṣakí dé Ìbàdàn, owó ọkọ̀ àti odidi ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá, ìyẹn káàdì àjẹsára. Ọjọ́ tí a óò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ti wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyẹn tún jẹ́ ọjọ́ tí a óò bi ara wa ní ìbéèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 2: ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo bá rẹ́rìn-ín sí i?

Ní ọ̀sẹ̀ 14: ṣé ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé mi bí mo bá ń rìn kọjá níwájú rẹ̀?

Ní oṣù 9, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìgbóná: ṣé ó ń yíjú bí a bá pè é? Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan. Ìyá àgbà á pè é ní "ọkọ mi", bàbá á pe orúkọ àbísọ, ìyá á ki oríkì rẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ jù ni kí ẹ fi pè é, láti ẹ̀yìn, níbi tí ariwo kò sí, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá.

Ní oṣù 15, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìgbóná ẹlẹ́ẹ̀kejì: ṣé ó ń na ìka sí ohun tó fẹ́? Bí mo bá na ìka sí nǹkan lókèèrè, ṣé ó máa ń wò ó?

Ní oṣù 18: ṣé ó ń na ìka sí nǹkan kí n ṣáà lè bá a wò ó?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ "rárá", ẹ má dúró de ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò lákọ̀ọ́kọ́. Ìwé ìbéèrè 20 kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, fún àwọn ọmọ oṣù 16 sí 30, tí òbí lè dáhùn láìsanwó. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni bóyá ọmọ máa ń wo ibi tí ẹ na ìka sí. Asẹ́ ni ìwé náà, kì í ṣe ìdájọ́. Ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kó rí dókítà ni.

Iṣẹ́ tún wà nílé tí kò nílò owó. Ní 1986, Michael Tomasello àti Jeffrey Farrar fi hàn pé ọmọ máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa sí i bí a bá dárúkọ ohun tí ó ti ń wò tẹ́lẹ̀, ju kí a fa ojú rẹ̀ sí ohun tí àwa fẹ́ lọ. Connie Kasari ní Los Angeles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi hàn láti 2006 pé a lè kọ́ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ní àjọwò nípa eré, ó sì ń ran ọ̀rọ̀ sísọ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba ìdérí ìkòkò mọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú ìdérí tirẹ̀, ó yí i. Ó ní, "Ó ń yí." Ó dákẹ́, ó dúró. Ó ṣe èyí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọmọ náà tó gbé ojú sókè wò ó, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá.

Ó ti lé ní ọdún márùn-ún báyìí. Ó ní ọ̀rọ̀ bí ogójì, "yí" ni àkọ́kọ́. Ọ́tísíìmù rẹ̀ kò lọ, a kò sì retí pé kó lọ. Mi ò lè sọ iye ọ̀rọ̀ tí ì bá ní ká ní a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 14. Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri.

Oṣù 15 ń bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ti bí òmíràn, ọmọbìnrin. Sally Ozonoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2011 pé bí ọmọ kan bá ní ọ́tísíìmù, nǹkan bí 1 nínú 5 àwọn àbúrò rẹ̀ ló máa ń ní in pẹ̀lú. Èyí tó túmọ̀ sí pé 4 nínú 5 kì í ní in. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìṣirò méjèèjì.

Lóṣù tó kọjá ni ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ oṣù 9. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n padà délé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sórí ẹní, ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi oríkì pè é lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ó yíjú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yí ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pé: "Ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta." Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Lẹ́yìn náà ni ó wò mí, bí ó ti wò mí lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò pa òwe kankan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i." Ó kọ ọ́. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ oṣù 15 ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé màá wá, a ó jọ na ìka sí ewúrẹ́, a ó sì wo ibi tí ojú ọmọ náà yóò lọ. Bó bá yíjú, a ó dúpẹ́. Bí kò bá yíjú, ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù.